Ọ̀nà Íntánẹ́ẹ̀tì Wa: Kí A Fẹ̀ Ẹ́, Kí A sì Mọ̀ Ọ́n Lò

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ẹ̀yin ònkàwé wa ni yóò rántí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti ilé ìfowópamọ́ rẹ̀ kò rí i ṣe. Ẹni tí ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní òkè òkun kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́jà tí ń fi ẹ̀rọ gba owó sì ń wo ojú ẹ̀rọ náà bí àgbẹ̀ ti í wo ojú ọ̀run ní ọ̀dá. Kì í ṣe àwa ní Nàìjíríà nìkan ni ó bá. Ó kan Gánà, ó kan Bẹ̀nẹ̀, ó kan Làìbéríà, ó sì kan Côte d'Ivoire níbi tí ọ̀ràn náà ti ṣẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkun, ní ẹ̀bá ìlú Abidjan, wáyà mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó bàjẹ́ papọ̀: SAT-3, MainOne, ACE àti WACS. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni ó gbà kí àwọn ọkọ̀ ojú omi tí ń tún irú wáyà bẹ́ẹ̀ ṣe tó parí iṣẹ́ wọn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wáyà Glo-1 àti ti Equiano kò já ní tiwọn, àwọn ni ó sì gba púpọ̀ nínú ẹrù tí àwọn yòókù sọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé láyé àtijọ́ ni, nígbà tí ó jẹ́ pé SAT-3 nìkan ni ó gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó, láti ọdún 2002 títí di ìgbà tí Glo-1 àti MainOne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, kí ni à bá ṣe? Orúkọ Olaudah Equiano, ọmọ Ìgbò tí a kó lẹ́rú, tí ó sì tẹ ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀ jáde ní ìlú London ní ọdún 1789, ni a fi sọ wáyà kẹyìn tí a dárúkọ yìí. Ilé-iṣẹ́ Google ti Amẹ́ríkà ni ó sọ ọ́ ní orúkọ bẹ́ẹ̀, òun náà ni ó sì ni ín. A dúpẹ́ fún orúkọ.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní bandwidth kì í ṣe awo. Fífẹ̀ ọ̀nà ni: iye ẹrù tí ó lè gba orí wáyà kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì ni a fi ń ka ẹrù náà, bí a ti ń fi òṣùwọ̀n ka gàrí. Nígbà tí a ṣe SAT-3, 120 gígábíìtì ni a ní kí ó lè gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Equiano gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, 144 tẹ́rábíìtì ni a dá a láti gbé, èyí tí í ṣe ìlọ́po 1,200 ti SAT-3. Bí wáyà bẹ́ẹ̀ bá dé, àwọn ìjọba wa a máa yọ̀, wọn a máa ya fọ́tò létí òkun. A kò bá wọn jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti fẹ̀ tó kò sọ fún wa ohun tí a ń gbé gba orí rẹ̀, tàbí bóyá ẹrù náà ní í ṣe ní òkè òkun rárá.

Ẹ gbọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Bí olùkọ́ kan ní Ìbàdàn bá kọ ímeèlì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà, tí ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn méjèèjì kò bá jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà náà kò ní gba ọ̀nà márosẹ̀. Yóò gòkè lọ bá sátẹ́láìtì tí ó wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lórí wa, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, níbẹ̀ ni a ó ti fi lé ilé-iṣẹ́ kejì lọ́wọ́, yóò sì tún gba ojú ọ̀run padà wá sí Ìkẹjà. Dọ́là ni a sì fi ń san owó àlọ àti àbọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé kan ń bá ọmọ ilé kejì sọ láti ìyẹ̀wù sí pálọ̀ ni ó ń ti òde òkun bọ̀!

Ní ọdún 2006 ni a dá ibi ìpàdé kan sílẹ̀ ní Èkó, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Internet Exchange Point of Nigeria, kí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí lè máa ṣe pàṣípààrọ̀ ẹrù ara wọn láìkúrò nílé. Kékeré ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2012, 300 mẹ́gábíìtì péré ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ní ọdún 2020 ó ti di 125 gígábíìtì ní wákàtí tí èrò bá pọ̀ jùlọ. Ẹgbẹ́ Internet Society, tí ó ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà, sọ ní ọdún 2020 pé láàárín àkókò yìí, ohun tí à ń rí gbà nínú ilé lára gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò gòkè láti 30 nínú 100 dé 70, àti pé 40 mílíọ̀nù dọ́là ni èyí ń dá dúró sí àpò wa lọ́dọọdún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun náà bá wa dá sí i: wọ́n kó ẹ̀dà ohun tí àwọn ènìyàn ń wò jùlọ wá sí Èkó, kí fídíò kan ṣoṣo má baà máa wọ òkun nígbà ẹgbẹ̀rún lójúmọ́.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú-ewé ilé-ìwé àti ti ilé-iṣẹ́ ìjọba wa ni ó ṣì ń gbé lórí kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ilẹ̀ àjèjì. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó fẹ́ ka ìkéde ilé-ìwé tí ó wà ní àdúgbò rẹ̀ yóò rékọjá òkun kí ó tó kà á. Èyí kò ṣeé dá wáyà lẹ́bi fún. Ẹni tí ó ní kí a gbé e lọ síbẹ̀ ni kí a bi.

Ohun tí ó ń ṣe orílẹ̀-èdè ni ó ń ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo pẹ̀lú. A ní ọ̀rẹ́ kan tí í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé girama. Ní ọdún kan, ọjọ́ méjì péré ni ó kù kí ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá parí, àwọn ọmọ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni orúkọ wọn kò sì tíì wọlé, nítorí pé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ kò ṣí. Akọ̀wé ilé-ìwé ni ó kó ìwé gbogbo wọn sínú àpò, tí ó sì lọ jókòó sí ilé kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn nígboro títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀gá yìí ti fi kún owó íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti 10 mẹ́gábíìtì sí 20. Ó ní òun yóò ra 40.

A ní kí ó ní sùúrù, a sì sọ ìtàn kan fún un. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti yunifásítì tí ó wà ní Berkeley. Ibi méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn ju 400 yáàdì lọ. Ọ̀nà náà, tí ń gbé 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣàdédé wálẹ̀ di 40 bíìtì. Wáyà kò já, ẹ̀rọ kò kú. Àwọn kọ̀ǹpútà fúnra wọn ni: nígbà tí ọ̀kan bá fi ẹrù ránṣẹ́ tí kò tètè gbọ́ èsì, yóò tún un fi ránṣẹ́, yóò sì tún un fi ránṣẹ́, títí gbogbo ọ̀nà fi kún fún ẹ̀dà ohun kan náà. Van Jacobson àti Michael Karels ni ó wádìí rẹ̀, tí wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 1988. Wọ́n kọ́ àwọn kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí èsì bá ń wá, kí wọ́n máa fi kún un. Bí ẹrù kan bá sọnù, kí wọ́n dín eré kù kíákíá, nítorí ó dájú pé ọ̀nà ti kún. A kò fi wáyà kankan kún èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Fóònù tí ó wà lápò yín ṣì ń tẹ̀lé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní, bí a tilẹ̀ ti tún un ṣe ní ọ̀nà púpọ̀.

Ọ̀gá náà gbà kí a wo ohun tí ń jẹ 20 mẹ́gábíìtì rẹ̀. A mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ náà dání, ó ṣí àpótí tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ sì hàn sí gbangba. Ogójì kọ̀ǹpútà ni ó wà ní yàrá ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Bí a bá ti tan wọ́n láàárọ̀, olúkúlùkù wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe Windows wálẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ bá wa ṣe é: bí àtúnṣe kan bá tó gígábáìtì kan, tí báìtì kan sì jẹ́ bíìtì 8, 8,000 mẹ́gábíìtì nìyẹn. Lórí ọ̀nà tí ń gbé 20, ìṣẹ́jú àáyá 400 ni yóò gbà, ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú méje. Ti ogójì kọ̀ǹpútà yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 16,000, èyí tí ó lé ní wákàtí mẹ́rin, tí akọ̀wé kò sì ní rí ààyè kọjá. Ẹ fi fóònù àwọn olùkọ́ kún un, tí ń kó gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó àná lọ sí ibi ìpamọ́ ní òkè òkun. Bí ó bá ra 40 mẹ́gábíìtì, wákàtí méjì àti díẹ̀ ni ìyà náà yóò fi dínkù, ó sì tún di òwúrọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Nínú Windows, ètò kan wà tí ó lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan fa àtúnṣe náà wálẹ̀ kí ó sì pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé. A tan ètò náà, a sì sún gbígbà rẹ̀ sí òru. A fún ọ́fíìsì akọ̀wé ní ààyè tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè gbà. A sì wò bóyá àpótí náà mọ bí a ti ń tò ẹrù ní ìlà, kí lẹ́tà kékeré má baà dúró lẹ́yìn fídíò ńlá. Ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tan án láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ẹni tí yóò ra irú àpótí bẹ́ẹ̀ fún ilé-ìwé, kí ó kọ́kọ́ béèrè èyí, nítorí ẹni tí ó gbé agbọ̀n kan dání kò yẹ kí ó dúró de ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni a gbé Wikipedia sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ilé-ìwé pẹ̀lú ohun èlò tí a ń pè ní Kiwix, ọ̀fẹ́ ni, kí àwọn ọmọ lè máa kà á láìfi ọwọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí tí ọ̀nà ṣì ń kún láti òwúrọ̀ dé alẹ́, nígbà náà ni kí wọ́n ra èyí tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò sọ pé 20 mẹ́gábíìtì tó fún gbogbo ilé-ìwé.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, akọ̀wé forúkọ gbogbo ọmọ sílẹ̀ ní orí tábìlì rẹ̀, kí ago méjì ọ̀sán tó lù. Ọ̀gá kò ra 40 mẹ́gábíìtì mọ́. Ó fi owó náà ra bátìrì, nítorí pé òru ni àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gba àtúnṣe báyìí, òru náà sì ni iná mànàmáná máa ń lọ ní àdúgbò wọn.