Kí Agogo Dún Kí Ọjà Tó Bàjẹ́

Láti Apọ́ngbọ̀n, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń tajà láti àárọ̀ di alẹ́, ẹsẹ̀ lásán ni ènìyàn lè fi rìn dé Customs Street, níbi tí a ti ń ra ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ìrìn náà kò gùn, ṣùgbọ́n ìwà àwọn olówó ibi méjèèjì yàtọ̀. Ìyá tí ó ní ìsọ̀ mẹ́ta kì í dúró di òpin ọdún kí ó tó mọ èyí tí kò pa owó wọlé; alaalẹ́ ni í gba ìṣirò. Ìwé ọdọọdún ni àwa onípìn-ín ń retí, nígbà tí ó bá sì dé, ohun tí yóò bàjẹ́ ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a rántí. Ní Oṣù Kẹta 2008, òdiwọ̀n iye owó ìpín ní ọjà náà ju 66,000 lọ. Kí ọdún tó parí, ó ti já sí nǹkan bí 31,000. Ní 14 Oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi 420 bílíọ̀nù náírà gbé àwọn báńkì náà ró. Gbèsè tí kò ṣeé gbà mọ́ ti ń gorí ara wọn kí ariwo tó ta.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè ṣe iṣẹ́ ìyá ọlọ́jà fún wa. A ó pa ààlà fún un: bí owó ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan kò bá tó san owó òṣìṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta mọ́, tàbí bí gbèsè àwọn oníbàárà bá kọjá 90 ọjọ́, kí ìkìlọ̀ wọlé sórí fóònù wa lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin ọjà ìpín pàápàá ní kí ilé iṣẹ́ fi ìṣirò oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀ láàárín 30 ọjọ́, kí ó sì fi ti ọdún sílẹ̀ láàárín 90 ọjọ́. Ẹni tí ó bá pẹ́, a ó fi àmì MRF sí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí: inú ìwé ìpè orúkọ àràárọ̀ ni a ti ń rí ọmọ tí yóò fìdí rẹmi, kì í ṣe ní ọjọ́ ìdánwò.

Ṣùgbọ́n agogo kò mọ̀ ju ohun tí a sọ fún un lọ. Ní òpin 2006, Cadbury Nigeria kéde pé a ti bu owó kún ìṣirò òun fún ọdún mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ èrè orí ìwé nìkan ni kọ̀ǹpútà ń kà, àlàáfíà ni yóò máa wí. Owó gidi tí ó wà ní báńkì ni kí a fi ṣọ́ ọ.

Èkejì, kí a yan ẹni tí yóò jẹ́ ìpè. Ilé iṣẹ́ Odu'a, tí a dá sílẹ̀ ní 1976, jẹ́ ti ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ó sì ní ilé, ilé ìtura, oko àti ìpín káàkiri. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, bí agogo rẹ̀ bá dún, olúkúlùkù lè rò pé ẹlòmíràn ti gbọ́. Kí a kọ orúkọ ẹni kan sílẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ó ní láti dáhùn. Kí ààlà má sì pọ̀ jù, nítorí agogo tí ń dún ní wákàtí wákàtí, etí a di sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ní ìpàdé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín tí ń bọ̀, ẹ béèrè pé: agogo wo ni ó ń ṣọ́ owó wa, ta ni ó sì ń gbọ́ ọ? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.