Òwú Gbíngbìn Láyé Àtijọ́ àti Lóde Òní

Àwọn kan a máa wí pé ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kí àgbẹ̀ wa rí òwú púpọ̀ kó. Ẹni tí ó bá wo oko náà dáadáa kò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òwú kì í dá gba ilẹ̀. Àgbẹ̀ á ti gbin iṣu àti àgbàdo kí ó tó ki kóró òwú bọ ẹ̀gbẹ́ ebè. Yóò fi eérú ra kóró náà kí wọn má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn, yóò sì ju bíi mẹ́rin sínú ihò kan: bí kòkòrò bá jẹ méjì, méjì á hù. Bí òwú kò bá tilẹ̀ ṣe dáadáa, ebi kò ní í pa ará ilé.

Ní 1905, ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó tí ń wá òwú fún ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gẹ̀ẹ́sì dá oko sílẹ̀ ní Moor Plantation, ní Ìbàdàn. Irúgbìn Amẹ́ríkà tí wọ́n dán wò ní ìhà ìsàlẹ̀ yìí kò lè fara da ọ̀rinrin àti àrùn; òwú ilẹ̀ wa ni ó dúró.

Nígbà tí ó yá, ìhà Àríwá ni òwú fìdí kalẹ̀ sí, nítorí náà Samaru, lẹ́bàá Zaria, ni a ti yẹ ọ̀nà méjèèjì wò jù lọ. Ọ̀nà tuntun ní kí á gbin òwú nìkan, ní ìparí oṣù kẹfà, kí á fa èyí tí ó pọ̀ jù tu kí ó ku méjì lójú kan, kí á fi ajílẹ̀ sí i, kí á sì fín oògùn kòkòrò lẹ́ẹ̀mẹ́fà, láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Òwú tí a tètè gbìn a ní òjò tí ó pọ̀ tó láti so. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fín oògùn, kòkòrò ni a ń bọ́!

Ibí ni ìṣòro wà. Oṣù kẹfà gan-an ni oko oúnjẹ ń fẹ́ ìroko. Yàtọ̀ sí èyí, oògùn fínfín ẹ̀ẹ̀kan lórí hẹ́kítà kan ń gba omi tí ó lé ní 200 lítà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lé ní 1,200 lítà, tí a ó fi orí rù láti odò. Ta ni yóò rù ú? Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ bá àgbẹ̀ nínú oko wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n bá pàdé nìyí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kékeré alábátìrì dé, èyí tí ìwọ̀nba lítà díẹ̀ tó fún hẹ́kítà kan.

Lójú tèmi, ohun tí kò gba owó ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ mú: irúgbìn tí a ṣà, fífa èyí tí ó pọ̀ jù tu, àti fífa igi òwú tu lẹ́yìn ìkórè kí á sì sun ún. Àwọn ìyá wa kò ní í fẹ́ èyí ìkẹyìn, nítorí igi òwú ẹ̀yìnkùlé a máa so fún wọn ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọn a sì máa já a ṣe òwú fìtílà. Inú irú igi bẹ́ẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń dúró de òwú ọdún tí ń bọ̀.