Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Padà Sẹ́nu Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ahọ́n

Bí jẹjẹrẹ bá mú ahọ́n, iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà sábà máa ń fi tọ́jú rẹ̀. Wọn a gé ibi tí àrùn wà pẹ̀lú díẹ̀ nínú ara tí ó yí i ká. Bí ohun tí wọ́n gé bá pọ̀, wọ́n lè mú ẹran ara láti apá tàbí itan aláìsàn dí àlàfo náà. Ẹran yìí kò lè mọ adùn ọbẹ̀, kò sì lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Ìyókù ahọ́n ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí kò já gaara kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ aláìsàn ti yí padà. Ètè ni a fi ń pe b àti m, nítorí náà wọn kì í sábà bàjẹ́ púpọ̀. T, d, n, l àti s ni ó nílò iwájú ahọ́n, àwọn ni ó sì máa ń ṣòro jù bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n gé. Àmọ́ àǹfààní kan wà fún àwa tí a ń sọ Yorùbá: inú ọ̀fun ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe orí ahọ́n. Ìdí nìyí tí ará ilé tí ó bá fara balẹ̀ fi lè gbọ́ ohun tí àlejò kò gbọ́. Dùndún pàápàá kò ní ahọ́n, a sì ń gbọ́ ohun tí ó ń wí.

Ìgbà tí dókítà bá ní egbò ti jinná tó ni kí ìdárayá ahọ́n bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ni yóò yan èyí tí ó yẹ: yíyọ ahọ́n síta, títì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, tàbí gbígbé e kan àjà ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju àṣejù ọjọ́ kan lọ. Bí a bá tún fi ìtànṣán tọ́jú aláìsàn, ẹnu lè gbẹ, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì le. Ìdárayá yíya ẹnu kò gbọdọ̀ dúró nígbà náà.

Ní ti oúnjẹ, omi lásán lè ṣòro ju ògì tí ó ki lọ, nítorí pé ó ń yára, ó sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí aláìsàn bá ń húkọ́ nígbàkígbà tí ó bá ń jẹ tàbí tí ó ń mu, ẹ tètè sọ fún dókítà.

Kí aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ ti béèrè ẹni tí yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀, kí ẹ sì pèsè ìwé àti bírò tí yóò fi máa bá yín sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.