Ìwé-Ẹ̀rí Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé Ìgbàlódé: Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti abiyamọ, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Àpápá sí ibi ọkọ̀ ojú omi, kọ̀ǹténà àti tírélà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Ajégúnlẹ̀ gba Boundary wọ Àpápá, àárín àwọn oníwèé-ìròyìn ni ó wọ̀ yẹn. Creek Road ni ThisDay wà, Point Road ni BusinessDay wà. Vanguard, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1984, àti The Sun, tí ó jáde ní ọdún 2003, wà lápá Kirikiri.

Iṣẹ́ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti yí padà. Láyé àtijọ́, ẹni tí ń to lẹ́tà òjé kò ní àníyàn mìíràn ju kí ojú ìwé gún lọ. Lónìí, ìròyìn kan náà gbọ́dọ̀ jáde lórí bébà, lórí fóònù àti lójú Facebook, kí ó sì bá ibi kọ̀ọ̀kan mu. Iṣẹ́ yìí ni àwọn iléèwé kọ̀ǹpútà ń polówó fún yín pẹ̀lú ìlérí ìwé-ẹ̀rí. Owó àjọ yín ni wọ́n ń wò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ yé ẹni tí ń dáná. Ẹ̀wà kan náà ni a fi ń ṣe àkàrà, mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá po àkàrà bí ẹní po gbẹ̀gìrì, epo ni yóò fi ṣòfò. Lójú fóònù, ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ó ń para pọ̀ di àwọ̀; lórí bébà, íǹkì mẹ́rin ni. Ìdí nìyí tí àwòrán tí ń dán lójú fóònù fi ń ṣú nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Bébà tún ń fẹ́ kí àwọ̀ yọ kọjá etí rẹ̀, mìlímítà 3 ni ó wọ́pọ̀, kí ọ̀bẹ má baà fi ìlà funfun sílẹ̀. Ìwé orí fóònù tí à ń pè ní EPUB kò mọ etí kankan: bí òǹkàwé bá sọ lẹ́tà di ńlá, gbogbo ọ̀rọ̀ á tún ara wọn tò. Ẹni tí kò bá kọ́ yín ní ìyàtọ̀ yìí, títẹ kọ̀ǹpútà lásán ni ó ń kọ́ yín. (Ẹ tún bi í léèrè bí àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í ti í fọ́ nígbà tí a bá gbé e láti ibì kan sí òmíràn, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni yóò yí ọ̀rọ̀ padà.)

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, abiyamọ ọlọ́mọ méjì, san gbogbo owó àjọ rẹ̀ fún iléèwé kan. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n fún un ní ìwé aláwọ̀ wúrà. Nígbà tí ó wá iṣẹ́ lọ, wọ́n ní kí ó ṣètò ojú ìwé kan fún ilé ìtẹ̀wé. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé pé ẹ wá síbẹ̀ yàtọ̀ sí ìwé pé ẹ yege. Ẹ bèèrè ẹni tí ń ṣe ìdánwò. Adobe ní ìwé-ẹ̀rí fún ẹni tí ó mọ InDesign lò fún bébà àti fún ojú kọ̀ǹpútà. Certiport ni ó ń ṣe ìdánwò rẹ̀, kì í ṣe olùkọ́ yín. NABTEB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Yaba College of Technology, tí ó ti wà láti ọdún 1947, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni, ẹni tí ó ń fún ọmọ lọ́mú gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa.

Ẹ má sì rò pé Ajégúnlẹ̀ kò tó ibi tí irú ìmọ̀ báyìí ti ń ṣẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Paradigm Initiative, tí 'Gbénga Ṣẹ̀san dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Ajegunle.org níbẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà àti bí a ti í dá òwò sílẹ̀.

Ní tèmi, n kò ní gba ìyàwó kankan níyànjú pé kí ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ lè gbé Scribus, tí a kì í sanwó fún. Ẹ fi ṣe ìwé ètò ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó fún aládùúgbò, kí ẹ tún ṣe irú rẹ̀ tí a lè kà lórí fóònù, kí ẹ sì tọ́jú méjèèjì. Ẹni tí yóò gbà yín síṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè wọn.