Ṣé O Mọ̀? Wo Ìtọ̀ Ọmọ Kó O Tó Dà Á Nù

Ṣé o mọ̀ pé inú ìtọ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ inú oyún ti ń lúwẹ̀ẹ́? Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún, ìtọ̀ ọmọ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká nínú ilé ọmọ. Á tọ̀ ọ́, á gbé e mì, á tún tọ̀ ọ́. Omi yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gbòòrò. Ọmọ tí kò ní kíndìnrín rárá kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i, ẹ̀dọ̀fóró tí kò dàgbà ló sì sábà máa ń fà á. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń ya àwòrán oyún fi máa ń wọn omi inú ilé ọmọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwa kò ju ọ̀kan lọ: "Akọ ni àbí abo?"

Ṣé o mọ̀ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ní àsẹ́ kéékèèké tó tó mílíọ̀nù kan? Kí oyún tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 ni gbogbo wọn ti dá. Lẹ́yìn ìyẹn, ara kì í ṣe tuntun mọ́ títí ọjọ́ alẹ́. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí wọ́n tó bí i máa ń ní iye tó kéré, torí náà ó yẹ kí wọ́n máa wọn ìfúnpá rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé náà ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ojú tó wú láàárọ̀ ńkọ́? Ó lè má jẹ́ Àpólò. Ọmọ jí, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú ti lọlẹ̀, ẹsẹ̀ ló wá wú. Ìyá ra oògùn ojú, ó ń kán an sí i. Ẹlòmíì á ní ọmọ ń sanra, á tiẹ̀ máa dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé àsẹ́ kíndìnrín ti jò, tí púrótéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ lọ. Ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń hó nínú póò, híhó náà kì í sì í tètè rọlẹ̀. Ọmọ ọdún 2 sí 6 ló ń mú jù. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń rì bọ inú ìtọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ti tó láti mọ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ara wíwú yìí, a ò lè fo Ìbàdàn kọjá. Ní 1963, oníṣègùn méjì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Herbert Gilles àti Ralph Hendrickse, kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn British Medical Journal pé kòkòrò ibà kan, Plasmodium malariae, ni àwọn ń bá lára àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú báyìí ju bí àwọn ṣe ń bá a lára àwọn ọmọ yòókù lọ. Kì í ṣe kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa nìyẹn. Ibà tirẹ̀ máa ń yí padà ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, tí a bá kà á bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dijú ni pé oògùn ibà á pa kòkòrò, ara ọmọ kò sì ní torí ẹ̀ fà. Prednisolone, oògùn tí wọ́n sábà fi ń tọ́jú ara wíwú yìí, pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ran irú rẹ̀. Lónìí nǹkan ti yí padà. Kòkòrò yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nídìí àìsàn náà mọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà ló sì ń gbádùn tí wọ́n bá lo prednisolone bí dókítà ṣe kọ ọ́. Bí dókítà ṣe kọ ọ́ ni mo wí o, torí oògùn yìí kan náà ni àwọn kan ń rà ní kẹ́mísítì láti fi sanra!

Ṣé o mọ̀ pé oògùn eyín ti pa ọmọ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ pé kíndìnrín ló bà jẹ́? My Pikin ni orúkọ rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2008, àwọn ọmọ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwòsàn tí wọn ò tọ̀ mọ́. Ara gbóná, wọ́n ń bì, ìlédìí sì gbẹ. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó kéré tán ọmọ 84 ti kú. Diethylene glycol ni wọ́n bá nínú oògùn náà: omi dídùn tó jọ èyí tí wọ́n fi ń po oògùn, àmọ́ tó jẹ́ májèlé, tí owó rẹ̀ sì dínkù. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, omi paracetamol tó ní májèlé yìí kan náà pa ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ní Amẹ́ríkà, ó pa èèyàn tó lé ní 100, tọmọdé tàgbà, ní 1937. Ikú yẹn ló bí òfin ọdún 1938 tó ní kí ẹni tó ṣe oògùn fi hàn pé kò léwu kó tó gbé e dé ọjà. Síbẹ̀, ní Gáḿbíà ní 2022, nǹkan bí ọmọ 70 tún kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi oògùn ikọ́ tí wọ́n kó wọ̀lú. Èmi ò tiẹ̀ mọ ohun tí eyín ṣe fún wa tí a fi ń wá oògùn rẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ leyín ti ń hù.

Tó o bá bí ọmọkùnrin, wo bó ṣe ń tọ̀. Ó yẹ kí ìtọ̀ rẹ̀ ta jìnnà, kó tiẹ̀ máa ta bá ẹni tó ń pààrọ̀ ìlédìí. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń kán tó, tó, tó, tí ọmọ sì ń fún ara mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dí ọ̀nà ìtọ̀ láti inú oyún. Ọkùnrin nìkan ló ń ní in, nǹkan bí ẹnì kan nínú 5,000 sí 8,000. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde á tì padà sókè, á sì máa ba kíndìnrín méjèèjì jẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń la awọ náà. Ẹni tó bá ní "á fi í sílẹ̀ bó bá dàgbà" kò mọ ohun tó ń sọ.

Ṣé o sì mọ̀ pé ọmọ kan wà tí olóòlà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Ọmọ tí ihò ìtọ̀ rẹ̀ kò sí ní ṣóńṣó, tó jẹ́ pé abẹ́ okó ló wà, tàbí tó tiẹ̀ sún mọ́ ẹpọ̀n. Awọ tí olóòlà fẹ́ gé sọnù gan-an ni dókítà máa fi tún ọ̀nà ìtọ̀ náà ṣe. Kò ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú 200 sí 300. Kí ìyá àgbà tó ní ọjọ́ ti pé, ẹ yẹ ọmọ wò ná.

Gbogbo ara gbígbóná kọ́ ni ibà. Ọmọ ọwọ́ tí ara rẹ̀ gbóná, tí kò wúkọ́, tí imú rẹ̀ kò dí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Kòkòrò inú ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní E. coli ló sábà máa ń gba ọ̀nà ìtọ̀ gòkè lọ. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọkùnrin ni àkóràn ìtọ̀ yìí ń mú jù. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti obìnrin, torí ọ̀nà ìtọ̀ tiwọn kúrú. Iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ máa nu ọmọbìnrin. Àwọn ọmọ kan tún wà tí ìtọ̀ wọn máa ń padà láti àpò ìtọ̀ gòkè sí kíndìnrín; tí àkóràn bá ń mú irú wọn lemọ́lemọ́, àpá á máa kù sí kíndìnrín.

Ọmọ tó ń mú ìtọ̀ mọ́ra láti àárọ̀ títí ilé ìwé fi máa jáde, nítorí pé ilé ìtọ̀ wọn ń rùn, ń pe àkóràn. Ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń le náà ńkọ́? Ìgbẹ́ tó dì sínú ìfun á máa ti àpò ìtọ̀, kò ní jẹ́ kí ìtọ̀ tán nínú rẹ̀. Tí dókítà bá kọ oògùn ìgbẹ́ fún ọmọ tó ní ìṣòro ìtọ̀, kó má yà ọ́ lẹ́nu.

Títọ̀ sílé? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ẹ fi í sílẹ̀. Tí bàbá àti ìyá bá tọ̀ sílé ní kékeré, nǹkan bí ọmọ 77 nínú 100 ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹnì kan nínú wọn, 44. Nítorí náà, kí bàbá tó mú pàṣán, kó lọ bi ìyá tirẹ̀ léèrè. Ọmọ tó ti ń jí láìtọ̀ sílé tẹ́lẹ̀, tó wá ṣàdédé tún bẹ̀rẹ̀, tó sì ń mu omi lámujù, ẹ tètè lọ yẹ̀ ẹ́ wò fún ìtọ̀ ṣúgà.

Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde máa ń tọ̀ sílé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè fa omi padà bó ṣe yẹ, ìtọ̀ á sì máa pọ̀. Ẹ má fi omi dù ú lálẹ́: tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ṣé o mọ̀ pé kúrúnà lè dé kíndìnrín? Tí ọmọ bá ń yún ara títí tó fi di egbò, tí egbò sì gba kòkòrò kan sára, ìtọ̀ lè pọ́n bíi Kóòkì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ni kòkòrò náà wà, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni. Ẹ̀jẹ̀ á ru, orí á fọ́, ojú á wú díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbádùn pátápátá tí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú.

Èyí yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀ tó ń gbẹ̀yìn ìtọ̀. Ní àwọn abúlé tó wà létí ìsédò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, àtọ̀sí ajá ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sé odò náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìgbín omi kéékèèké sì rí ibùgbé. Inú ìgbín yìí ni ọmọ aràn ti ń jáde, á gba awọ ara wọlé sí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí tó ń fọṣọ, ìdílé rẹ̀ á sì fìdí kalẹ̀ sí ẹ̀bá àpò ìtọ̀. Theodor Bilharz ló rí aràn náà ní Káírò ní 1851. Láwọn ibì kan, wọ́n máa ń rò pé ọmọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ti ń bàlágà ni! Praziquantel ló ń pa á. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀.

Tó o bá ń wẹ ọmọ, tí ọwọ́ rẹ kan kókó líle ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gbé e lọ. Jẹjẹrẹ kíndìnrín ọmọdé, tí wọ́n fi orúkọ Max Wilms ará Jámánì pè, wọ́pọ̀ láàárín ọdún 3 sí 4, ó sì ń gbóògùn tí wọ́n bá tètè rí i.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n fi yanjú àdììtú kan nípa kíndìnrín? Ní 2010, àwọn onímọ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé ìyípadà méjì nínú àbùdá APOL1 wọ́pọ̀ lára àwa ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti àwọn ìran wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà. Ìyípadà náà ń pa kòkòrò tó ń fa àrùn oorun. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, kíndìnrín rẹ̀ lè tètè bàjẹ́, nígbà míì láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣàìsàn.

Báwo la ṣe ń gba ìtọ̀ lọ́wọ́ ọmọ oṣù mẹ́ta tí kò gbọ́ "tọ̀"? Àwọn ìyá wa á ní "ṣíìì". Ní Melbourne, àwọn dókítà fi aṣọ tútù tí wọ́n rẹ sínú omi ra ìsàlẹ̀ ikùn àwọn ọmọ ọwọ́. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2017, 31 nínú 100 ló tọ̀ kí ìṣẹ́jú 5 tó pé, nígbà tó jẹ́ pé 12 péré ló tọ̀ nínú 100 àwọn tí wọ́n kàn jókòó tì. Ẹ mú ike tó mọ́ dání.