Ibo ni wẹ́dà kọ́ ẹ́ẹ̀tì mọ́?

Tí irin tó gbé sàlẹ́ńsà ọ̀kadà dúró bá kán, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló kàn. Èmi o, tí mo bá débẹ̀, waya ẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Kí ló dé? Iná tó ń yọ́ irin lè tó 100 áǹpù. Bó ṣe jáde láti inú ẹ̀rọ, dandan ni kó gba ẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ́ ẹ́ẹ̀tì mọ́ táyà ẹ̀yìn, iná á gba inú béárìn kọjá, á sì jó àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú ẹ̀. Tó bá yá, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Nítorí náà, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára férémù nítòsí ibi tó kán, kí wọ́n kọ́ ẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ẹ tú waya bátìrì, kí ẹ sì yọ CDI, kí iná má baà bà wọ́n jẹ́.

Tàǹkì ńkọ́? Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má sọ pé "kò kúkú sí epo nínú ẹ̀." Oru epo gan-an ló ń gbiná, inú tàǹkì tó ṣófo ló sì ti ń ráyè pàdé afẹ́fẹ́. Tí oru bẹntiróòlù bá ti lé díẹ̀ ní ìdá 1 nínú 100, iná tíntín tó ta sí i lè mú kó bú gbàmù.

Ẹ má wojú iná náà o. Ó ń jó ẹyinjú, ìrora rẹ̀ sì lè má dé títí di alẹ́.

Títú bóòtù tàǹkì ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u.