Májèlé Tí Kì Í Pani Lójijì: Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir àti Ìtumọ̀ Áfílátọ́sìnì

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ṣómólú tàbí Bàrígà kò ní wá àpẹẹrẹ jìnnà: ẹ̀pà sísun wà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ẹ̀pà tí ó bá bu kò dára. Ohun tí ó ṣòro láti fi Yorùbá ṣàlàyé ni bí ó ṣe lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Olumbe Bassir, ọmọ Sàró tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n bàyókẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1960, àrùn kan pa tòlótòló tí ó lé ní 100,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀pà inú oúnjẹ wọn ni ó bu. Ohun tí ó sì mú un bu ni Aspergillus flavus, ìbátan olú tí ó kéré jọjọ. Orúkọ yìí ni wọ́n gé kúrú di áfílátọ́sìnì. Ní 1968, Bassir àti Adekunle kéde èròjà tuntun méjì tí ohun kan náà ń pèsè, tí wọ́n pè ní pámótọ́sìnì. Bassir kan náà ni ó ṣe ìwé iṣẹ́ àṣewò bàyókẹ́mísírì tí ó jáde ní 1963, òun náà ni ó sì ṣe àkójọ ewì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1957.

Bí a bá túmọ̀ áfílátọ́sìnì sí ‘májèlé’ lásán, ìtumọ̀ náà yóò ṣini lọ́nà. Ní etí Yorùbá, ẹni tí ó jẹ májèlé yóò ṣubú lójú ẹsẹ̀. Áfílátọ́sìnì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ń gbìyànjú láti lé e jáde, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ àbùdá inú ara. Àbùdá tí ó bàjẹ́ yóò máa pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni jẹjẹrẹ yóò yọjú. Ewu náà le jù fún ẹni tí ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B.

Nítorí náà, ‘májèlé afẹ̀sọ̀pani’ sàn jù. ‘Májèlé olú’ kò yẹ, kí ará ilé má baà sá fún olú ọbẹ̀. Yíyan kì í pa gbogbo oró rẹ̀. Ìyá tí ó bá ní, “A jẹ ẹ́ lánàá, kò ṣe wá ní nǹkan kan,” yóò rí ìdáhùn nínú orúkọ náà, yóò sì da ẹ̀pà náà nù.